Ṣé kó o sanwó fún jọ́nà ni àbí kó o gbé iṣẹ́ ìwádìí ẹ sórí arXiv?

Ọ̀nà méjì kan tí gbogbo ayé fi lè ka iṣẹ́ ìwádìí ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyí o. Àkọ́kọ́, wàá sanwó fún jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, kí wọ́n lè jẹ́ káwọn èèyàn kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí jọ́nà Nature bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 2021, €9,500 ni wọ́n ń gbà lórí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, háà! Lẹ́kíṣọ́rà wo ló fẹ́ rí ìyẹn san nínú owó oṣù ẹ̀? Àmọ́ àwọn onímọ̀ bíi tìẹ máa yẹ iṣẹ́ náà wò fínnífínní kó tó jáde, orúkọ jọ́nà yẹn á sì ràn ẹ́ lọ́wọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́.

Ìkejì ni arXiv, ìyẹn ìkànnì táwọn olùwádìí ń gbé iṣẹ́ wọn sí, tí Paul Ginsparg tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì dá sílẹ̀ ní 1991. Tiẹ̀ yàtọ̀, ìwọ tó kọ ọ́ ò ní san kọ́bọ̀, ẹni tó ń kà á náà ò ní san, kì í sì í pẹ́ kó tó hàn, àmọ́ wọ́n kàn máa wò ó lóréfèé bóyá ó bá ẹ̀ka ẹ̀ mu ni, wọn ò ní bá ẹ yẹ ìṣirò inú ẹ̀ wò, torí náà kẹ́ni tó ń kà á lajú ẹ̀ dáadáa. Físíìsì, máàtì àti kọ̀ǹpútà ló sì pọ̀ níbẹ̀, tó bá jẹ́ ìtàn lo kà, pẹ̀lẹ́ o.

Tèmi ni pé kó o kọ́kọ́ gbé e sórí arXiv, kó o wá fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ọ̀pọ̀ jọ́nà físíìsì ò kọ̀ ọ́.