Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ìgégi tòkunbọ̀ kan ní Bódìjà

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rọ ìgégi tòkunbọ̀ n'Íbàdàn, kó dé ṣọ́ọ̀bù bàbá kan lẹ́bàá ọjà pákó Bódìjà. Stihl MS 381 ni mo rà. Kí n tó sanwó, bàbá fúnra wọn tú sàléńsà, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀: písítìn ń dán, kò sí ibi kan tó ha. Níbikíbi tí ẹ bá ti ń rà á, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín nìyẹn. Tiwọn tutù, síbẹ̀ ó jí wéré.

Owó wọn le ṣá, wọn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣéènì ara rẹ̀ náà ti kú. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ wọn bá yín po epo, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n! Ọ́ìlì mìlílítà 20 sí lítà pẹtiróòlù kan ni.