Fóònù, Nikon P950 àbí Canon tòkunbọ̀: èwo la lè fi ya aligétọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀nì níbi tó ń gbé, ohun mẹ́ta ló máa dà á láàmú: ẹranko á jìnnà, ìmọ́lẹ̀ ò ní tó, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n. Megapixel (iye àmì tín-ín-rín tó para pọ̀ di àwòrán) tí àwọn ọlọ́jà ń pariwo rẹ̀ kò yanjú ọ̀kankan nínú wọn. Ará Òṣogbo tó fẹ́ ra kámẹ́rà kó tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Florida l'Amẹ́ríkà ni mo ní lọ́kàn, torí ibẹ̀ ni aligétọ̀, ìbátan ọ̀nì, ti ń yá oòrùn létí omi. Ẹni tí kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lè rí ọ̀nì tiwa ní Lekki Conservation Centre l'Ékòó.

Fóònù kò ju kí ẹ fi ya adágún àti igbó tó yí i ká. Tí ẹ bá fa àwòrán aligétọ̀ tó wà ní mítà 20, gbogbo ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra. Ewu ibẹ̀ ni pé á máa wù yín láti sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ẹranko tó dà bíi pé ó sùn yẹn lè ta gìrì. Ẹ má sì ju ẹran sí i kó lè wá: òfin Florida kà á léèwọ̀, torí èyí tó bá ti ń jẹun lọ́wọ́ èèyàn kì í bẹ̀rù èèyàn mọ́.

Nikon P950 ló gùn jù. Lẹ́ńsì rẹ̀ kò ṣe é yọ, ó sì lọ láti 24mm dé 2000mm (bí mm bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ṣe ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra tó). Ojú aligétọ̀ tó wà ní òdìkejì omi á kún àwòrán. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di àwòrán, kéré. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni awọ dúdú yẹn ń yọ dáadáa, ìgbà náà gan-an sì ni àwòrán P950 máa ń ṣe yanrìn-yanrìn. Tí ẹ bá ní ẹ ó dúró de ọ̀sán, omi á máa kọ mànà, ooru tó ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ á sì ba ohun tó jìnnà jẹ́.

Èmi ì bá ra Canon tòkunbọ̀, bíi 70D tàbí 80D, pẹ̀lú lẹ́ńsì EF-S 55-250mm IS STM. Lórí sẹ́ńsọ̀ Canon yìí, 250mm ń ṣiṣẹ́ bíi 400mm, lẹ́ńsì náà kò sì ju gíráàmù 375 lọ. Ọlọ́jà á gbé lẹ́ńsì 75-300mm III síwájú yín pé 300 ju 250 lọ. Ẹ má gbà. Kò ní IS tó ń gba ọwọ́ gbígbọ̀n, àwòrán rẹ̀ sì máa ń rọ̀ tí ẹ bá fà á dé òpin. Lẹ́ńsì Sigma 150-600mm dára gan-an o, àmọ́ ó tó kìlógíráàmù méjì. Ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun ni kó rù ú.

Ẹ má dán kámẹ́rà wò nínú oòrùn Ọláìyá, gbogbo kámẹ́rà ló dára níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sábẹ́ òjìji. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì bóyá èbu ti hù sínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye fọ́tò tí kámẹ́rà ti yà.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ fi ọ̀bọ Igbó Ọ̀ṣun kọ́ ọwọ́. Ọdẹ kì í pa wọ́n níbẹ̀, wọn kì í sì í sá púpọ̀, òjìji igi ibẹ̀ sì dà bí ìdájí létí omi. Ẹ kọ́kọ́ béèrè owó tí wọ́n ń gbà lórí kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Florida, ẹ dúró sórí afárá pákó tàbí inú ọkọ̀ ojú omi, ẹ yí ojú ìwòran (screen) ẹ̀yìn kámẹ́rà sókè kí lẹ́ńsì lè lọ sílẹ̀ bá ojú ẹranko. P950, 70D àti 80D ló ṣe é yí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹranko ni kẹ́ ẹ fi ṣe àfojúsùn. Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, akọ a máa bú ramúramù, ara rẹ̀ á gbọ̀n tí omi á fi máa ta lórí ẹ̀yìn rẹ̀: 1/1000 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) ni kí ẹ fi yà á. Owó tó bá kù, ẹ fi ra bátìrì kejì, ojúlówó.