Third party ₦15,000 ní Àbújá: ohun tó ń san, àti ibi tó ti ń já awakọ̀ kulẹ̀

Mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo fún third party, íńṣọ́ránsì ọkọ̀ tó ń san fún ẹlòmíì. Ó tó owó rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń rà á láìmọ ohun tí wọ́n rà. Ọkọ̀ yín kọ́ ló ń tún ṣe o. Ọkọ̀ ẹni tí ẹ kọlù ni, tàbí ara ẹni tó bá fara pa. Íńṣọ́ránsì comprehensive ló ń tún tiyín náà ṣe, owó rẹ̀ kì í sì í dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀: ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà, ó kéré tán ₦300,000 lọ́dún.

Oṣù kìíní ọdún 2023 ni third party kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000. Owó tó lè san lórí ohun ìní ẹlòmíì tí ọkọ̀ àdáni bá bà jẹ́ kò ju ₦3,000,000 lọ. Bí ẹ bá kọlu jíìpù ní Wúsé tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, mílíọ̀nù kan tó kù, ọrùn yín ló wà.

Ìwé ayédèrú ló ń pa èèyàn jù. Ẹni tó bá yín ṣe pátíkúlà lè tẹ ìwé fún yín kí owó má dé ilé iṣẹ́ adójútòfò rárá. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wò ó ní askniid.org lọ́jọ́ tí ẹ rà á gan-an.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sọ pé “èmi ni mo jẹ̀bi, màá san án.” Ilé iṣẹ́ lè torí ẹ̀ kọ̀, nítorí ẹ ti ṣèlérí láìbi wọ́n léèrè. “Alàgbà, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ níbí” náà léwu: ẹni tó gba ₦50,000 lórí bọ́ḿpà lónìí lè rí i lọ́la pé rédíétọ̀ ti fọ́. Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì, nọ́ńbà wọn àti ojú ọ̀nà, kí ẹ tó gbé wọn kúrò. Ẹ ya ìwé íńṣọ́ránsì ẹnì kejì náà, kí orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìwé hàn dáadáa. Ìwé náà lẹ máa fi béèrè owó bó bá jẹ́ ẹni yẹn ló kọlù yín. Bí ẹnìkan bá fara pa, 122 ni ẹ pe fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Àgọ́ ọlọ́pàá tó ni àdúgbò náà ló ń kọ ìròyìn ìjàǹbá: ti Nyanya kò ṣe é gbé lọ Kubwa. Ẹ ka ohun tí wọ́n bá yín kọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí panẹ́lì bítà má sì fọwọ́ kan ọkọ̀ títí ẹni tí ilé iṣẹ́ rán wá yóò fi wo ìbàjẹ́ náà. Bí láísẹ́ǹsì ẹni tó wà lórí sítíárìn bá ti kú, wọ́n á fi kọ̀ yín.

Bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso wọn, wà ní Garki. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ sí ilé iṣẹ́ náà, tí wọ́n ti lù ní òǹtẹ̀ pé àwọn gbà á, dání, kí ẹ tó máa ronú ilé ẹjọ́.