Ọ̀pá ìbọ́ẹja onírọ́bà: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́ta

Nítorí ẹja kan ṣoṣo ni mo ṣe ra ọ̀pá yìí. Firefish ni: iwájú rẹ̀ funfun, ìdí rẹ̀ pọ́n bí epo, lẹbẹ kan wá yọ gọngọ lẹ́yìn rẹ̀ bí áńtẹ́nà rédíò. Ojo pọ́ńbélé ni. Bí mo bá kàn fọwọ́ kan àwọ̀n tí mo fi bo táńkì tí mo ti ń sin ín nílé (ẹ bò ó o, ẹ̀rù máa ń mú un fò jáde), ó ti wọ abẹ́ òkúta lọ. Alájẹkì sì ni ẹja clownfish méjì tí wọ́n jọ ń gbé. Lítà 60 péré ni omi iyọ̀ inú táńkì náà. Kí oúnjẹ tó rìn dé ọ̀dọ̀ onítìjú, wọ́n ti gbé e mì. Nígbà tó máa fi tó ọ̀sẹ̀ méjì, ikùn ẹ̀ ti wọnú.

Ike gaara ni ọ̀pá náà, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, rọ́bà roboto tí a fi ń fa omi wà lórí ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ló ná mi, pẹ̀lú owó mọ́tò láti Èkó dé Àkúrẹ́.

Mo máa ń bu omi táńkì díẹ̀ sínú ife, mo á ju edé wẹ́wẹ́ oníyìnyín tí wọ́n ń pè ní mysis sí i kó yọ́. Mo á pa ẹ̀rọ tó ń ru omi. Mo á kọ́kọ́ da díẹ̀ sí igun òsì fún àwọn alájẹkì. Ibi tí wọ́n ti ń jìjàdù ni mo á ti ki ọ̀pá bọ igun ọ̀tún, kí ẹnu ọ̀pá jìnnà sí ihò abẹ́ òkúta tí firefish ń sá sí tó ìka mẹ́rin, mo á wá rọra tẹ rọ́bà. Ẹ rọra o! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ họ́ọ̀nù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjà Ọba. Edé fọ́n ká, ẹja ò yọjú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kẹrin ló gbà. Firefish kì í sábà ṣa oúnjẹ nílẹ̀, èyí tó bá ń léfòó kọjá ló ń hán. Orí yọ, ara yọ, ó dúró lójú kan, lẹbẹ ẹ̀yìn ń ṣẹ́jú. Edé kan kọjá. Pà! Ó ti gbé e, ó fẹ̀yìn rìn padà sínú ihò. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja tẹ́ ò ní fi sebẹ̀, ẹ tún ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun?" Mi ò dá a lóhùn.

Rọ́bà yẹn ni ìṣòro. Kò pé oṣù méjì tó fi sán, afẹ́fẹ́ ló wá ń fà. Síríńjì ńlá tí mo rà ní ilé oògùn l'Ọyẹ́mẹkùn ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Ọ̀pá náà ò sì ní àmì ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ àjẹkù tó bá jẹrà nínú omi kékeré á sọ ọ́ di májèlé kíákíá. Mo ti ń ka edé báyìí: mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́fà lálẹ́. Ti iná tó lọ fún ọjọ́ méjì tí gbogbo edé mi fi yọ́ nínú fìrísà, tí mo kó o dànù, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀pá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Kí ẹni tó tà á fún mi fi rọ́bà gidi wá gba ìkan tó kù.