Ẹ̀ńjíníà tó fi tépù wọn ìgúnpá mi

Ọjọ́ tí Ẹ̀ńjíníà kọ́kọ́ wá sí bùkà mi lẹ́bàá ọjà pákó ní Bódìjà, àmàlà ni mo rò pé ó wá jẹ. Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́, méjì pẹ̀lú ṣàkì, àmọ́ nígbà tó fọwọ́ tán, kò lọ. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó yọ ìwé kékeré kan, ó ń wò wá. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán ló fi jókòó síbẹ̀. Ó ń ka iye ìgbà tí ọmọ tó ń bu ọbẹ̀ rìn lọ sídìí kúlà. Ó ń ka iye ìgbà tí ẹni tó kó abọ́ ìdọ̀tí pàdé ẹni tó gbé gbẹ̀gìrì gbígbóná lójú ọ̀nà tóóró kan náà. Nígbà tó yá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ro òmíràn kí n rí i." Mo mú orógùn. Ló bá fa tépù yọ, ó wọ̀n mí láti ilẹ̀ dé ìgúnpá, ó tún wọn bí ìgúnpá náà ṣe ń jìnnà sí ara mi tó bí mo bá fi agbára yí i. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé aṣọ lo fẹ́ rán fún mi ni?" Ó ní ààrò lòun fẹ́ rán.

Òun ló bá mi kọ́ ilé oúnjẹ mi tuntun ní Àkóbọ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe bíríkìlà, kì í sì í ṣe ẹni tó kàn ya pílánù kó gbowó kó lọ. Alábòójútó ni: òun ló ń wá bíríkìlà, káfíńtà, pọ́ńbà àti oníiná, òun ló ń sọ èwo ló máa ṣáájú, òun ló ń dúró tì wọ́n. Ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ náà ló gbà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó bẹ̀ mí pé kí n má kó èrò wá bá òun, ilé mẹ́ta ló wà lọ́rùn òun báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé oúnjẹ ní Ìbàdàn á ṣáà rí ohun tó máa bi ẹni tó bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún.

Ìyà ti jẹ mí ká tó pàdé. Ní ìparí ọdún 2023, mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ilé oúnjẹ náà fún kọntirakítọ̀ kan. Orí fóònù ló ti fi pílánù hàn mí, ó sì dùn ún wò: òpó funfun, gíláàsì, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kíṣìnì ńkọ́? Ó fìka tọ yàrá kótópó kan lẹ́yìn, fèrèsé kan ṣoṣo, ojú fèrèsé náà sì lẹ̀ mọ́ ògiri aládùúgbò. Pílánù ilé gbígbé ni, pálọ̀ ló kàn sọ di ibi ìjẹun. Èmi ò mọ̀, mo sanwó. Ó gbowó sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó ní òun ti rà á pamọ́ dè mí kó tó wọ́n. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, tí àpò kan ń kọjá ₦10,000, mo ní kó kó sìmẹ́ǹtì ìpamọ́ wá. Ìtàn ló kó wá. Búlọ́ọ̀kù tó já sílẹ̀, ọmọ mi fọwọ́ rà á báyìí, ó ń rún bíi kúlíkúlí. Kò gbàwé àṣẹ ìkọ́lé, nítorí náà wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì mi pé kí iṣẹ́ dúró. Ìpìlẹ̀ ló gbẹ́ tán tó fi na pápá bora.

Ìbéèrè tí Ẹ̀ńjíníà kọ́kọ́ bi, èmi kọ́ ló bi. Ilẹ̀ mi ní Àkóbọ̀ rọra dà sísàlẹ̀ síhà odò kékeré kan. Ìyá àgbà tó ń sun bọ̀ọ̀lì lódìkejì títì ló lọ bá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ra bọ̀ọ̀lì, ó wá ní, "Ìyá, òjò ọdún 2011 yẹn, ibo lomi dé níbí?" Màmá ò tilẹ̀ ronú. Ó fìka fa ìlà sára ògiri ilé rẹ̀, ó tó orúnkún. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí mo wà ní kékeré nígbà tí odò Ògùnpa ya ní 1980, tá a ṣì ń pè é ní Omíyalé dòní, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lórí ara wọn, ni kọntirakítọ̀ fẹ́ fi gbé ìpìlẹ̀ jáde. Ẹ̀ńjíníà sọ ọ́ di márùn-ún. Owó méjì tó lé yẹn dùn mí nígbà náà, mo kùn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ti owó gan-an ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò gbowó nǹkan èlò lọ́wọ́ mi rí. Yóò kọ ohun tá a máa lò lọ́sẹ̀ náà sílẹ̀, èmi tàbí àbúrò mi á bá a dé ọjà, àwa la máa sanwó fún ọlọ́jà, òun á gba rìsíìtì, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Bí àpò sìmẹ́ǹtì 20 bá jáde láàárọ̀, òfìfo àpò la máa kà nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ 18 la rí, méjì tó kún gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí òfìfo pé 20 géérégé, mo ti ń palẹ̀ mọ́, àfi bí Ẹ̀ńjíníà ṣe tún bẹ̀rẹ̀ tó fa méjì yọ nínú wọn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára méjèèjì yàtọ̀ sí ti èyí tá a rà. Ẹnì kan ti kó àlòkù wá láti ibòmíì, ó ti gbé ojúlówó lọ. Kò pariwo. Ó tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì lọ fọwọ́. Bíríkìlà kan ò padà wá lọ́jọ́ kejì.

Irin náà ńkọ́? Èyí tí wọ́n tà fún wa ní mìlímítà 12, Ẹ̀ńjíníà mú irinṣẹ́ kan tó dà bí ẹ̀mú, ó fi gbá a mú: 10 ó lé díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kó padà. Ẹni tó tà á bú wa débi tó bú wa dé, àmọ́ ó pààrọ̀ ẹ̀.

Ibi tá a ti jà ni orí tánkì. Wọ́n da kọnkéré sórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pé ibẹ̀ la máa gbé tánkì omi lé. Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi pò ó tán, ó sì ní kí ọmọ kan máa bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ní ká gbé tánkì sókè, ó ti le bí òkúta. Ó ní ó di ọjọ́ 28. Mo ní ṣé o ń ṣe ààwẹ̀ ni? Ó ní, "Mọ́mì, tánkì yín ń gba 2,000 lítà. Tọ́ọ̀nù méjì nìyẹn tó bá kún. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tó máa wà lábẹ́ rẹ̀." Mo dákẹ́.

Kíṣìnì wá ni iṣẹ́. Ààrò mẹ́ta ló mọ, ó sì jẹ́ kí ẹnu ìkòkò lọ sílẹ̀ ju ìgúnpá mi lọ dáadáa, torí ẹni tó ń ro àmàlà, ìsàlẹ̀ ló ń tì sí. Bí ìkòkò bá ga, èjìká ló máa fi ro ó. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo ti gbà pé bí a bá ń ro àmàlà, ẹ̀yìn náà á máa ro ni. Eérú ń gba ihò kan jáde sí ẹ̀yìn ògiri, ìta la ti ń fi ṣọ́bìrì kó o. Ọ̀nà èéfín ga ju ṣóńṣó òrùlé lọ. Káfíńtà ní kó kúrú, kó má ba ẹwà ilé jẹ́, Ẹ̀ńjíníà ní tó bá kúrú, atẹ́gùn tó bá fẹ́ kọjá lórí páànù á ti èéfín padà sójú ẹni tó ń dáná. Abọ́ ìdọ̀tí ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, oúnjẹ ní ojú fèrèsé tirẹ̀, wọn kì í pàdé mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n parí ilẹ̀ kíṣìnì, ó gba garawa omi kan, ó dà á sí igun tó jìnnà jù sí gọ́tà. Gbogbo wa dúró, à ń wo omi. Ó ṣàn, ó ṣàn, nígbà tó dé ìdí ibi ìfọbọ́, ó dúró, ó ṣe adágún kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Bíríkìlà ní, "Ọ̀gá, ìyẹn á gbẹ." Ẹ̀ńjíníà ò dá a lóhùn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì yí omi náà po, ó ní kí wọ́n fọ́ ibẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Nínú mítà kan, ó ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sílẹ̀, kí omi lè sáré dé gọ́tà. Garawa kẹta ni omi tó lọ láìdúró níbì kankan.

Kòtò ọ̀rá náà ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Omi abọ́ wa ò lọ tààrà sí sọ́káwéè, ó ń kọ́kọ́ gba inú kòtò kékeré oníyàrá mẹ́ta kọjá. Epo á léfòó, omi á gba ìsàlẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a ń ṣí i, a ń fi ìgbákọ bu ọ̀rá orí rẹ̀ dànù. Ẹ má bi mí nípa òórùn rẹ̀. Àmọ́ ní Bódìjà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni páìpù máa ń dí. Gáàsì ńlá náà, ìta ló wà nínú àgò irin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, torí gáàsì tó bá jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, kì í gòkè.

Kò wá pé o. Oṣù mẹ́fà ló dá fún mi, oṣù mọ́kànlá la lò. Òjò kó díẹ̀ nínú ẹ̀bi yẹn, owó tèmi náà sì ń dáwọ́ dúró nígbà mìíràn, àmọ́ oṣù méjì níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kà á, ó ń sá lọ sídìí iṣẹ́ ẹlòmíì. Kì í gbé fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ilé ì báà máa jó. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àárín àwọn tó ń jẹun ló kọ ọ́ sí, ó sì ń bá mi jiyàn pé ó bá pílánù mu. Mo ní kó jókòó sí tábìlì yẹn kó jẹ abúlà, kí ẹnì kan máa ṣílẹ̀kùn náà lójú rẹ̀. Kò jẹ òkèlè mẹ́ta tó fi dìde lọ pe káfíńtà. Ibi tá a lè ki iná bọ̀ nínú ilé ìjẹun kò tó, fáànù àti firísà ń ja orí kan. Táìlì ẹnu ọ̀nà sì ń yọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ kejì tá a ṣílé, òjò rọ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tẹ̀ ẹ́, ó lọ ṣùùùù, àwo rẹ̀ ló kọ́kọ́ délẹ̀, òun tẹ̀ lé e. Kò ṣèṣe, a dúpẹ́, a tún bu oúnjẹ míì fún un. Ẹ̀ńjíníà fowó ara rẹ̀ ra táìlì tí kì í yọ̀, ó tún ibẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ méjì.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má san gbogbo owó òun tán, kí n mú ìdá 5 nínú 100 dání títí ilé náà á fi rí ìgbà òjò kan. Oṣù tó kọjá lọ́jọ́ Àìkú, òjò kan rọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Odò kún, ó gun ojú títì, ó wọ inú àgbàlá mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo ń wo bó ṣe ń gun ògiri. Ó bo kọ́ọ̀sì kẹta mọ́lẹ̀, ó dé àárín ìkẹrin, ó dúró síbẹ̀. Nínú ilé, àwọn èèyàn ń jẹun. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo pè é, kò gbé e.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè ló tó fèsì. Nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ló kọ ránṣẹ́.