Àpò yanrìn, ògiri kọnkéré tàbí òkúta: èwo ni kí ẹ rà láti fi dáàbò bo ilé etíkun lọ́wọ́ òkun?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé létíkun Lẹ́kkí, ẹ kọ́kọ́ kọjú sí òkun. Ọwọ́ ọ̀tún yín, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn, ni ìgbì ti ń wọ́ yanrìn bọ̀. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn to òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi Èkó. Òkúta náà dá yanrìn dúró, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach tó wà lápá ìlà-oòrùn. Bí aládùúgbò ọwọ́ ọ̀tún bá ti to irú rẹ̀, yanrìn tiyín ti ń dín kù nìyẹn.

Àpò yanrìn ni owó rẹ̀ kéré jù. Oòrùn á mú kí àpò ìrẹsì lásán gbó, á ya, yanrìn inú rẹ̀ á sì bá omi lọ. Ẹ lò ó fún ìgbà òjò kan péré.

Ògiri kọnkéré ni àwọn olùrà fẹ́ràn jù, òun gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ìgbì tó bá kọlù ú á já wálẹ̀, á máa gbẹ́ yanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ nígbà tí omi bá fà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí ọwọ́ yín bá wọ abẹ́ ìpìlẹ̀, tí ẹ kan omi tútù lọ́hùn-ún, ẹ padà sílé. Ọ̀dà tuntun kò ní kó má wó.

Èmi á yan òkúta gíráńáàtì tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ etíkun, tí kò wọnú òkun, bó tilẹ̀ wọ́n, torí pé ìgbì máa ń wọ àárín rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì rọ̀. Òkúta náà gbọ́dọ̀ tóbi ju èyí tí èèyàn kan lè gbé. Ẹ dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n tẹ́ aṣọ tí omi ń gbà kọjá, tí yanrìn kì í gbà, sábẹ́ rẹ̀. Láìsí aṣọ yẹn, òkúta á máa rì díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, ẹ gba ìwé àṣẹ ìjọba kí ẹ tó já òkúta kan sílẹ̀.

Ní Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sún sẹ́yìn léraléra. Nítorí náà, ilé tí ìgbì ń ta omi sí ọgbà rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má rà á, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ tó.