Gidan Makama ní Kánò: ẹ wo àkọ̀ kí ẹ tó wo idà

Iṣẹ́ awọ ni mò ń ṣe. Kofar Wambai ni mo ti ń ra awọ ewúrẹ́ tí mo fi ń rán báàgì ní Sabon Gari, nítorí náà, tí mo bá dé ibi tí wọ́n kó ohun ogun àtijọ́ sí, ojú mi kì í kọ́kọ́ lọ síbi tí idà ti mú. Àkọ̀ ni mò ń wò, àti okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká. Mo ti wọ mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan rí tí wọ́n tan iná rekete sórí idà, tí wọ́n wá kó àwọn àkọ̀ sẹ́yìn bí ẹni kó àpò ìrẹsì òfìfo jọ. Ó dùn mí gan-an. Ti Gidan Makama, mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Kánò, yàtọ̀.

Òdìkejì ààfin Ẹ́míà ló wà. Láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti kọ́ ilé náà, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó sì nípọn débi pé ara á tu èèyàn bó bá ti wọlé kúrò nínú oòrùn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò ní 1903, ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ilé.

Ẹ má kánjú níbi ohun ìjà. Ọ̀kọ̀ wà, ọfà àti apó wà, asà wà, ṣùgbọ́n takobi, idà ilẹ̀ Hausa, ni kí ẹ dúró tì. Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé Kánò ní 1851, kọ ọ́ pé irin idà tí wọ́n rọ ní Solingen ń gba Sàhárà wọ ìlú yìí, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Kánò á sì fi èèkù sí i. Irin lè ti òkèèrè wá, àkọ̀ tiwa ni. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ilé ni lóòótọ́, wọ́n sì kọ́ ọ re: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rán an, ojú ìrán kò ṣẹ́rí síbì kan. Ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀kan, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ wa ò lè rán eléyìí.” Òótọ́ ló sọ. Èso igi bagaruwa ni wọ́n fi ń ṣe irú awọ bẹ́ẹ̀, pòròpórò ọkà bàbà ló ń sọ ọ́ di pupa. Awọ ewúrẹ́ Kánò yìí kan náà ló gba aṣálẹ̀ dé Mòrókò, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Mòrókò.

Lifidi náà mú mi lọ́kàn: ẹ̀wù ogun ẹṣin tí wọ́n fi òwú àràbà kún, tí wọ́n rán ní ìlà-ìlà kí òwú má baà wọ́ sísàlẹ̀. Ìtàn àwọn ọba Kánò sọ pé Sarki Kanajeji, tó jọba ní nǹkan bí 1390, ló kọ́kọ́ mú un dé ojú ogun pẹ̀lú àṣíborí irin. Kò tíì di ohun àtijọ́, nítorí ó ṣì ń jáde nígbà Durbar, ìwọ́de ẹṣin ìgbà ọdún Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀, èyí tí UNESCO kọ sínú àkójọ àjogúnbá àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2024. Ẹni tó bá rí i nílé níbí, tó tún rí i lójú agbo, á mọ ohun tó ń wò.

Yàrá kàkàkí àti ìlù dára, mi ò kàn pẹ́ níbẹ̀ ni.

Ẹ gba ẹni tí yóò mú yín kiri. Tí ẹ bá gbọ́ Hausa, ẹ bi í ní Hausa. Malam tó mú wa kiri dáhùn títí ó fi sú ọmọ iṣẹ́ mi láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, kí àyè lè wà láti kọjá sí ọjà Kurmi, kò jìnnà, àwọn oníṣẹ́ awọ ṣì ń tajà níbẹ̀.